Ìsìn Màtíìnì Mímọ́ ní Ìdí-Àgbọn

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní gbogbo Ìkòròdú tó fẹ́ràn ojúlówó Yorùbá ju Nathaniel Adéòjó lọ, ẹni náà kò tíì jáde síta. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Inú ẹ́síteètì ni òun àti Àràmídé ìyàwó rẹ̀ ń gbé, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ajá wọn wí. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Nathaniel wọra. Nínú ilé tirẹ̀, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ pe fíríìjì ní fíríìjì, "ẹ̀rọ amómitutù" ni. Àràmídé, tó mọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni mowó, a sì máa dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé, "Bàbá Moyọ̀sọ́rẹ, omi wà nínú ẹ̀rọ amómitutù yín o, ṣùgbọ́n kò tutù. Wọ́n ti mú iná lọ."

Ìwà yìí ìbá mọ sí àwàdà inú ilé, bí kì í bá ṣe pé Nathaniel tún jẹ́ katikíìsì. Orúkọ oyè yẹn ni kò wá Yorùbá mìíràn fún, bóyá nítorí pé ó máa ń dùn mọ́ ọn bí wọ́n bá fi pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, á wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú, á gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, á sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìdí-Àgbọn. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí àwọn òbí wọn wá láti etí òkun Òǹdó ló tẹ abúlé náà dó. Wọ́n ní ilé àdúrà kékeré kan, onípákó, tí wọ́n fi orúkọ Màtíìnì Mímọ́ sọ. Fadá kì í ráyè débẹ̀ lemọ́lemọ́, nítorí náà Nathaniel ló ń ṣáájú àdúrà, òun ló sì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìgbàgbọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn wọn. Ó sì fẹ́ràn ohun tó jẹ́ láàárín wọn. Ní Ìkòròdú, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ sí Èkó láàárọ̀. Ní Ìdí-Àgbọn, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń yọ lókèèrè, àwọn obìnrin á fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, wọ́n á máa pariwo, "Katikíìsì ti dé o!" Ta ni irú ìyẹn ò ní wù?

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Fadá Mojúbàolú, ọ̀dọ́ àlùfáà tó ń ṣàkóso ìjọ Ẹ̀pẹ́, pè é sí ọ́fíìsì.

"Katikíìsì, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ Ìdí-Àgbọn ni. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Ìgbà tí mo wá kẹ́yìn, ewúrẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó wà nínú ilé lọ."

"Ẹja ló ń kó wọn lọ, Fadá. Ìgbà ẹja ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìjọ ti ní kí á ti ilé àdúrà tí kò bá ti lérò, kí á da àwọn èèyàn ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́. Ọdún Màtíìnì Mímọ́ ń bọ̀ lóṣù kọkànlá. Mo máa wá lọ́jọ́ náà gan-an. Tí mo bá rí ìjọ, màá gbèjà yín dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Tí mi ò bá rí i, ọwọ́ mi ò ní ká a mọ́ o."

Nathaniel jáde, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilé àdúrà náà, ọ̀pọ̀ kò ní lówó ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn arúgbó bíi Màmá Ọláògún, tí orúnkún kì í jẹ́ kó wọ ọkọ̀, kò sì ní gba Ara Olúwa mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Á padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìkòròdú, kò sì sẹ́ni tí yóò tún pè é ní Katikíìsì láyé mọ́.

Ló bá ṣe bí ọkùnrin. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú, ìtàn Màtíìnì Mímọ́ ló ń sọ fún wọn. Ó sì mọ ìtàn í sọ, ìyẹn ò ṣe é jà níyàn. Ó ní ìlú Lima, ní ilẹ̀ Peru, ni wọ́n ti bí Màtíìnì. Òyìnbó ọlọ́lá ni bàbá rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ìdílé ẹrú wá ni ìyá rẹ̀. Bàbá náà wo àwọ̀ ọmọ, ó rí i pé ti ìyá ló jọ, ó sì ń lọ́ tìkọ̀ láti pè é ní tirẹ̀. Nígbà tí Màtíìnì dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó wẹ egbò, ó tọ́jú aláìsàn. Ó wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run tí kì í gbéyàwó, kò sì béèrè ipò kankan níbẹ̀ ju pé kí wọ́n fún òun ní ìgbálẹ̀. Aṣọ kan náà ló ń wọ̀ títí tó fi gbó mọ́ ọn lára. Nítorí ilẹ̀ tó ń gbá yẹn ni àwòrán rẹ̀ fi máa ń mú ìgbálẹ̀ dání títí dòní.

"Abájọ!" Ìyá Dùnsìn ló pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí àwọn obìnrin, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lè borí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. "Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Mímọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́, báwo ni ò ṣe ní mọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Nathaniel náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ti alágbe fún wọn. Ó ní lọ́jọ́ kan Màtíìnì rí alágbe kan tí egbò bò lára, ó gbé e wálé, ó sì tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé bínú pé ó ti ba aṣọ ibùsùn jẹ́. Màtíìnì fèsì pé ọṣẹ díẹ̀ yóò mú aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn tí kò bá láàánú, kí ni wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́?

Màmá Ọláògún nu ojú. Nathaniel rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára, inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ká sòótọ́, òun alára kò gbálẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ Àràmídé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìkéde ló wá kù. Tẹ́lẹ̀, bí Fadá bá ń bọ̀, Ìyá Dùnsìn ló máa ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, á ní, "Máàsì wà o!" kálukú á sì múra. Lọ́tẹ̀ yìí, Nathaniel ní òun lòun máa kéde fúnra òun, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo. "Máàsì" sì rèé, àdúrà Ara Olúwa tí fadá nìkan lè ṣáájú, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pè ni. Ó ní kí ni Yorùbá ṣe tí a fi ń yá ọ̀rọ̀ lò? Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe lára, ó ní:

"Ẹ̀yin ará, ọjọ́ Ajé ni ọdún Màtíìnì Mímọ́ bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ sódò. Gbogbo wa pátá, àtọmọdé àtàgbà, la máa ṣe ìsìn Màtíìnì Mímọ́. Fadá fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń sìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

Ìyá Dùnsìn na ọwọ́ sókè. "Katikíìsì, ta la máa sìn?"

Nathaniel rò pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló ń bi òun, inú rẹ̀ sì dùn sí ìbéèrè náà. "Olúwa ní ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹni tó kéré jù lọ, òun lẹ ṣe é fún. Kódà ẹni tẹ́ ẹ bá ń bínú sí."

"Ẹni tá à ń bínú sí." Ìyá Dùnsìn wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà wò ó. "Ṣé ká mú ìgbálẹ̀ dání?"

"Ẹ mú un dání. Kí gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní kí Fadá tó dé."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Nathaniel wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí Àràmídé ti fi sítáàṣì sí títí tó fi le gbagidi. Ní èbúté Ẹ̀pẹ́, òun àti Fadá Mojúbàolú wọ ọkọ̀. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Nathaniel ń gbàdúrà nínú. Bí wọ́n ti ń sún mọ́ Ìdí-Àgbọn, ó ń retí ariwo àwọn obìnrin. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja kò rú èéfín, ajá kan ṣoṣo ló wá pàdé wọn létí omi.

Ilé àdúrà ṣófo. Àwọn bẹ́ǹṣì wà ní ipò wọn, àwòrán Màtíìnì wà lára ògiri, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀ àfi Màmá Ọláògún, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi abẹ́rẹ́ onígi tún àwọ̀n kan ṣe lórí itan rẹ̀.

Fadá wo inú ilé, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nathaniel yára kọjú sí Màmá Ọláògún.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Àwọn èèyàn dà?"

"Háà, Katikíìsì, ẹ káàbọ̀. Fadá, ẹ káàbọ̀ o. Wọ́n ti lọ ṣe ìsìn."

"Ìsìn wo? Ṣebí ibí la ti ń ṣe ìsìn!"

Màmá Ọláògún gbé ojú kúrò lára àwọ̀n, ó wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká lọ ṣe ìsìn Màtíìnì ni? Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n ti kó ìgbálẹ̀ àti ọṣẹ àti páànù sọ́kọ̀. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Mùsílíù. Orúnkún ò jẹ́ kí n lè bá wọn lọ, ni mo bá ní kí wọ́n gbé àwọ̀n rẹ̀ tó ya wá, kí iṣẹ́ tèmi náà lè wà nínú rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Nathaniel jáde ní ọjọ́sí padà wá bá a. Ìsìn. Ó pe ìsìn, ó rò pé ilé àdúrà ni wọ́n máa wá. Àwọn gbọ́ ìsìn, wọ́n lọ sìn bí Màtíìnì ti sìn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, tirẹ̀ sì ti fọ́ sójú Fadá.

"Ta ni Bàbá Mùsílíù?" Fadá béèrè.

Kò rọrùn fún Nathaniel láti ṣàlàyé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá Mùsílíù, mùsùlùmí ni, ìyá àgbà rẹ̀ ló sì ni ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì omi. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kò gbà fún ará Ìdí-Àgbọn kankan láti dẹ ìgèrè nítòsí rẹ̀. Ó ti gé àwọ̀n wọn rí. Àwọn náà ti bú u rí, wọ́n bú baba tó bí i. Láti ìgbà náà, ẹ kú àárọ̀ lásán kò sí láàárín wọn. Nígbà tí egbò mú un lẹ́sẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó tí wọn ò bojú wẹ̀yìn, tí ìjì sì ká páànù orí ilé rẹ̀, àwọn ará Ìdí-Àgbọn ní ọwọ́ Ọlọ́run ló tẹ̀ ẹ́.

"Ibẹ̀ ni wọ́n lọ?" Fadá ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Láti ojú omi ni wọ́n ti ń gbọ́ òòlù. Àwọn ọkùnrin wà lórí ilé, wọ́n ń kan páànù. Àwọn obìnrin ti sá ẹní àti aṣọ sórí ewéko, inú àgbàlá mọ́ débi pé a lè fi oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ ká tún gbé e jẹ. Ẹnì kan ń po ẹ̀bà. Bàbá Mùsílíù alára jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, ó tẹjú mọ́ gbogbo wọn bí ẹni tí kò tíì gbà pé òun ti jí lójú oorun.

Nathaniel fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó wọ́n jọ, kí wọ́n sáré padà sí ilé àdúrà kí Fadá tó ní òun ń lọ. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n Ìyá Dùnsìn ti ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ omi tó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀.

"Katikíìsì, ẹ káàbọ̀! A ti ń wọ̀nà yín. Ó ku ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ Bàbá tó légbò. Àwọn kan fẹ́ wẹ̀ ẹ́, mo ní rárá o. Gbígbálẹ̀ ni tiwa, wíwẹ egbò, ti Màtíìnì gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, a ò lè gba iṣẹ́ olórí ṣe mọ́ olórí lọ́wọ́."

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ níwájú Bàbá Mùsílíù, ó to ọṣẹ àti aṣọ mímọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Gbogbo wọn ń wo Nathaniel. Fadá náà ń wò ó.

Nathaniel wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rù bà á, ó sì kórìíra rẹ̀; kí n má bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti dé ibi tó dúró sí.

"Bó bá ń rí ọ lára, má ṣe é," Bàbá Mùsílíù sọ jẹ́jẹ́. "Èmi alára, ó ń rí mi lára."

Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ni. Nathaniel kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò sítáàṣì, ó gbé ẹsẹ̀ náà sínú omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di imú, ojú ń ta á. Nígbà tó ṣe, ó gbàgbé láti di í. Ó rí i pé ẹsẹ̀ àgbà lásán ni, ẹsẹ̀ tó ti tẹ ilẹ̀ pẹ́, tí èékánná rẹ̀ ti gùn tó fi ń há síra wọn nítorí pé ẹni tó ni í kò lè tẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a gé e. Ó nu egbò náà, ó fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnì kan bá òun wá abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé èékánná náà níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe ìyẹn.

Nígbà tí Fadá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Katikíìsì, láti ìgbà tí mo ti di àlùfáà, mi ò rí irú ètò báyìí rí. Mo wá láti ka èèyàn orí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yin ti ṣètò pé kí n wá bá ìjọ lẹ́nu iṣẹ́ Màtíìnì fúnra rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ yín. Mo fẹ́ kí ẹ wá kọ́ àwọn katikíìsì yòókù."

Abẹ dúró lọ́wọ́ Nathaniel. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ilé àdúrà àti orúkọ àti àpọ́nlé, kò sì sí ohun tó máa ná an ju pé kó dákẹ́ lọ. Bó bá sọ òótọ́, Fadá lè ní ó dáa bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilé òfìfo ni òun bá. Ó wo Ìyá Dùnsìn. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n ń yin Katikíìsì.

"Fadá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Kì í ṣe ètò mi. Ilé àdúrà ni mo pè wọ́n sí. Ìsìn ni mo sọ, ohun tí mo ní lọ́kàn ni... Máàsì."

"Máàsì kẹ̀!" Ìyá Dùnsìn ké. "Máàsì lẹ̀ ń sọ láti ọjọ́ yìí? Kí ló dé tẹ́ ò wí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀wo ni ti ìsìn?"

Ẹni tó wà lórí páànù kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ẹ̀rín ràn káàkiri. Fadá Mojúbàolú di ìhà rẹ̀ mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní:

"Mo ní bí mo bá rí ìjọ, màá gbèjà yín. Ṣé kì í ṣe ìjọ ni mo rí yìí? Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà ní Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó máa ti ilé àdúrà Ìdí-Àgbọn. A máa ṣe Máàsì níbẹ̀ tí ẹ bá parí páànù yìí."

Wọ́n hó yèè. Àwọn obìnrin dì mọ́ra wọn. Nathaniel mí kanlẹ̀, ó wá rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bàbá Mùsílíù, tí kò rẹ́rìn-ín látẹ̀yìn wá, tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Ojú Nathaniel ló ń wò.

"Ìyẹn ni pé," ó ní, "ká ní o sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá wá sọ́dọ̀ mi lónìí."

Ìyá Dùnsìn tẹrí ba, ó ń wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ìtìjú mú Nathaniel, ó mú un gan-an, kò sì wá ibi tó máa sá sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó dáhùn. "Kò sẹ́ni tí ì bá wá."

Bàbá Mùsílíù mi orí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kejì, èyí tí kò légbò rárá, ó tì í bọ inú omi níwájú Nathaniel.

"Ó dáa," ó ní. "Wẹ ìyẹn náà."